Ìbọn gígùn tàbí ìbọn ìléwọ́?

Bí ọdẹ bá gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, tọmọdé tàgbà ló ń rí i. Ìbọn ìléwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, ọdẹ kì í sì fi í wá ọ̀yà. Èèyàn ni wọ́n ṣe é fún.

Àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ti ṣàdéhùn ní Àbújá, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, pé aráàlú kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ gba ìwé fún ìbọn gígùn yín. Ẹni tó bá ń ra ìléwọ́ ní bòńkẹ́lẹ́ kọjá ààlà, kí a má bò ó. Ìbọn tí a kò lè gbé gba àárín ọjà, kò yẹ kó wà nílé wa.