Kì í Ṣe Láptọ́ọ̀pù Ló Ń Ronú

Láti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́dún 1982, títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù olówó ńlá, tí iná kò sì dúró ládùúgbò rẹ̀, kó gbàgbé ìdíje kóòdù. Òbí ti gbà á gbọ́. Irọ́ ni.

Òfin ìdíje fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú u. ICPC, àgbà ìdíje láàárín àwọn yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní Texas A&M lọ́dún 1970. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló ń para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, wákàtí márùn-ún ni wọ́n ní, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín lò. Bí ọ̀kan bá ń tẹ kóòdù, bébà àti bírò ló kù sọ́wọ́ àwọn méjì yòókù. Ní àṣekágbá, ìwé olójú-ewé 25 ni wọ́n gbà kí ẹgbẹ́ mú wọlé, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù.

Wo àpẹẹrẹ ìbéèrè kan: ká ní pákó 200,000 wà nílé ìlagi kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá méjì tí àpapọ̀ gígùn wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25 gẹ́lẹ́. Oníwàdùwàdù á máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan so mọ́ gbogbo ìyókù: ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 ìdánwò, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí ìdíje ń fún kóòdù láti ṣiṣẹ́ á sì tán mọ́ ọn lórí, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ tuntun ló ń lò. Onílàákàyè á kọ́kọ́ to pákó láti orí èyí tó kúrú jù dé orí èyí tó gùn jù, á fi ọwọ́ kan sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ bá pọ̀ jù, ọwọ́ ọ̀dọ̀ èyí tó gùn á sún wọlé. Bí kò bá tó, ti ọ̀dọ̀ èyí tó kúrú á sún. Títò náà gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 ìfiwéra, ìwákiri kò sì ju ìgbésẹ̀ 200,000 lọ. Láptọ́ọ̀pù tókúnbọ̀ á parí rẹ̀ kí olówó rẹ̀ tó ṣẹ́jú.

Ẹni tó ń wá ọ̀nà tó kúrú jù láti Àbígì dé Ìwopin, nínú gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ àti omi ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ọgbọ́n onímọ̀ kọ̀ǹpútà Edsger Dijkstra ni yóò lò. Ilé kọfí kan ní Amsterdam ni ọkùnrin náà jókòó sí lọ́dún 1956 tó fi ro ó jáde ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, láìmú pẹ́ńsù, láìmú bébà. Jẹnẹrétọ̀ ta ló ń lò nígbà yẹn?

Wọ́n á ní ìlú ńlá ló ń gba ife-ẹ̀yẹ. Saratov ní Russia kì í ṣe Moscow, síbẹ̀ yunifásítì rẹ̀ gba ICPC lọ́dún 2006, ibẹ̀ náà sì ni ìkànnì Codeforces ti jáde wá, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí ìbéèrè ìdíje lọ́fẹ̀ẹ́.

Àìsíná ń dunni lóòótọ́, dátà náà kò sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ Steven Halim ṣe ní Yunifásítì Orílẹ̀-èdè Singapore ni pé ó sọ ìdíje di kọ́ọ̀sì gidi, pẹ̀lú ìdíje kékeré lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àgọ́-Ìwòyè lè ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé: kí olùkọ́ tẹ ìbéèrè márùn-ún sórí bébà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún wákàtí méjì, lẹ́yìn náà kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan péré, kí mẹ́ta-mẹ́ta máa pín ẹ̀rọ kan.