Akim Aliu gbé èébú ọ̀gá rẹ̀ mì fọ́dún mẹ́wàá, nígbà tó tú u síta, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá náà

Lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, yìnyín kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹja ni wọ́n fi ń tọ́jú kó má baà bàjẹ́. Àwọn tó ń ta òkú Èkó ní Ìkòròdú náà mọ̀ pé bí yìnyín bá ti yọ́, owó ń ṣòfò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí nílẹ̀ yìí wà tó jẹ́ pé orí yìnyín ló ti ń jẹun, ẹnu iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ti bú u bí ẹni bú ẹrú. Akim Aliu lorúkọ rẹ̀.

Họ́kì orí yìnyín leré náà. Bàtà tó ní irin mímú lábẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, wọn a mú ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu dání, wọn a máa fi lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri. Èèyàn mẹ́fà-mẹ́fà ló ń kojú ara wọn: gólì kan, ẹni méjì tó ń di ẹ̀yìn mú, mẹ́ta níwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn yìí dà bíi nọ́ńbà fáìfù nínú bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, àyà wọn ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Aliu kọ́ lẹni àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó dé NHL, líìgì tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Rumun Ndur, tí wọ́n bí ní Zaria lọ́dún 1975, ló ṣáájú. Ẹ̀yìn lòun ń dì mú fún Buffalo Sabres, New York Rangers àti Atlanta Thrashers. Nínú eré 69 tó ṣe, góòlù méjì péré ló gbá wọlé, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 137 ni rẹfirí fi ní kó lọ jókòó síbi ìyà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe torí góòlù ni wọ́n ṣe ń gbà á!

Ní ti Aliu, Òkénè ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 24, oṣù kẹrin, ọdún 1989, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Kwara. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Tai. Ọmọ Ukraine ni ìyá rẹ̀, Larissa. Ìlú Kyiv ló ti ṣe kékeré kí wọ́n tó kó lọ sí Toronto ní Kánádà, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ họ́kì. Eré olówó ńlá ni lọ́hùn-ún, òbí tí kò rí jájẹ kì í dá a láṣà. Akim ò tètè bẹ̀rẹ̀ bíi tàwọn ọmọ ibẹ̀, síbẹ̀ ó bá wọn, ó tún kọjá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó gbá apá ọ̀tún níwájú, ó sì tún di ẹ̀yìn mú.

Ìyà tètè bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2005, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 nínú ẹgbẹ́ Windsor Spitfires, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tuntun bọ́ra sí ìhòòhò, kí wọ́n há ara wọn mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bọ́ọ̀sì. Akim lóun ò ṣe. Kò pẹ́ sí i, Steve Downie, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi ọ̀pá gbá a lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, eyín ọmọ náà sì kán.

Chicago Blackhawks ṣì mú un lọ́dún 2007. Ẹgbẹ́ Rockford IceHogs tó ń pèsè ọmọ sílẹ̀ fún wọn ni Bill Peters ti jẹ́ kóòṣì rẹ̀ ní sáà 2009 sí 2010. Orin tí Akim ń gbọ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra ló bí Peters nínú, ló bá fi ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń bú aláwọ̀ dúdú bú u, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Akim ò gbà fún un. Bí wọ́n ṣe dá a padà sí líìgì ìsàlẹ̀ nìyẹn.

Ẹni ogún ọdún ni nígbà yẹn. Ta ni yóò fẹjọ́ ọ̀gá sùn? Ó gbé e mì. Lóṣù kẹrin, ọdún 2012, Calgary Flames pè é, góòlù méjì ló sì gbá wọlé lọ́jọ́ tó jáde lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀, eré méje péré ló ṣe ní NHL. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹni tó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì.

Àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Nígbà tó fi di ọdún 2019, Peters ti di kóòṣì àgbà fún Calgary kan náà yẹn. Lọ́jọ́ 25, oṣù kọkànlá, Akim tú àṣírí síta. Méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ gbá ní Rockford ní òótọ́ ni. Peters kọ lẹ́tà, ó gbà pé òun sọ ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Akim nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ 29, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Lọ́dún 2020, Akim àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Hockey Diversity Alliance sílẹ̀ láti gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú eré náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo rẹ̀ ti dọ́gba. Peters ríṣẹ́ kóòṣì ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2020 yẹn náà, ó tún rí òmíràn ní Kánádà lọ́dún 2023. Akim ò padà sí NHL mọ́.

Òṣìṣẹ́ tó ń jí wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú kó ilẹ̀ tó mọ́, tó ń gbé èébú ọ̀gá mì torí owó ilé ìwé ọmọ, mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀rí àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló jẹ́ kí ayé gba ọ̀rọ̀ Akim gbọ́. Bí wọ́n bá bú ẹlẹgbẹ́ ẹni lójú ẹni lónìí, kéèyàn má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.