Gìtá Olówó Pọ́ọ́kú
Ìwà ni ẹwà ènìyàn; ohùn ni ẹwà gìtá. Ẹni tí ó fẹ́ fi owó kékeré ra gìtá onígi tí a lè so mọ́ ẹ̀rọ, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà dídán tan òun jẹ. Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ, nítorí ariwo ẹ̀rọ a máa bo àbùkù mọ́lẹ̀. Kí ó ta okùn kan lásán, kí ó sì tún un ta ní títẹ̀ ẹ́ mọ́ irin kejìlá ọrùn gìtá, tí í ṣe agbedeméjì okùn. Ohùn kan náà ni yóò gbọ́, ṣùgbọ́n èkejì yóò ga jù. Bí wọn kò bá bára mu, kí ó fi í sílẹ̀. Gìtá búburú ti mú kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àwọn ni kò ní ẹ̀bùn.