Ẹja Ọdún Yìí, Ọmọ Èṣí Ni

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń kógbá sílé, òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àwọn apẹja ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ti adágún Nokoué sì ti ń tún àwọ̀n wọn ṣe de omi tuntun. Bí àgbẹ̀ ṣe máa ń ka iṣu inú abà rẹ̀ nígbà tí ìkórè bá parí, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwa náà bojú wẹ̀yìn wo àkókò ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí. Kí ló wọlé? Kí ló bọ́? Kí sì ni a fi sílẹ̀ nínú omi fún àmọ́dún?

Ẹni tí kò gbé etí omi lè rò pé bákan náà ni ẹja ń rí lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ní oṣù tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oko ṣe ní tirẹ̀. Adágún Nokoué fẹ̀ tó nǹkan bí 150 kìlómítà onígun mẹ́rin, síbẹ̀ kò jìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbàlagbà lè dúró nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi kí omi má bo orí rẹ̀. Odò Ouémé ló ń bọ́ ọ. Odò náà gùn tó nǹkan bí 510 kìlómítà. Láti àríwá Bẹ̀nẹ̀ ló ti ń bọ̀, Ọ̀pàrà tí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ dáadáa sì ń dà sínú rẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ lókè lọ́hùn-ún láti oṣù keje ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá, tí yóò bo pápá ìsàlẹ̀ odò ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ẹja á wá tàn ká inú koríko tí omi bò, àrọ̀ á yé síbẹ̀, ọmọ ẹja á rí jẹ, á sì rí ibi sá sí.

Nígbà tí ìkún bá fà, ìkórè á bẹ̀rẹ̀. Ní àfonífojì Ouémé, àwọn tó gbẹ́ kòtò gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní whedo á dí ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹja tó bá omi wọlé, wọ́n á sì kó o nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú adágún, omi òkun á gba ẹnu ọ̀nà Kútọnu wọlé, iyọ̀ á máa pọ̀ sí i títí di oṣù kẹta àti ìkẹrin, edé àti akàn á sì tó àkókò tiwọn. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn. Ọdún 1885 ni àwọn Faransé là á, kí ìkún omi lè rí ọ̀nà jáde sínú òkun. Láti ìgbà náà ni omi dídùn àti omi iyọ̀ ti ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn nínú adágún lọ́dọọdún.

Báwo wá ni àkókò tó kọjá yìí ti rí? A dúró ní èbúté, a wo agbọ̀n. Agbọ̀n kún, a kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kún inú agbọ̀n ló mú wa ronú: ẹja tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí a kó jọ bí ẹní kó àgbàdo. Àwọn ìyá tí ń yan ẹja mọ ìṣirò yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Igi ìdáná kan náà ni ẹja ńlá àti ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń mú wọlé kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹpìyà tó ní dúdú lábẹ́ àgbọ̀n, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú adágún wa. Nígbà tí abo bá yé ẹyin tán, akọ ni í kó wọn sẹ́nu. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnu baba ni ẹyin wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pa, baba kì í sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun ní gbogbo àsìkò náà. Ẹyin rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti àwọn ẹja tó ń da ẹyin sómi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìtọ́jú ló fi dí àlàfo náà. Bí àwọ̀n bá gbé irú baba bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń pọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹja kan ni apẹja rò pé òun mú. Odidi ìdílé ló ti tú ká.

Nítorí náà ni ojú àwọ̀n fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ gbòòrò ń jẹ́ kí ọmọ ẹja kọjá, kí ó lè dàgbà, kí ó sì bímọ ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní médokpokonou kì í jẹ́ kí ohunkóhun kọjá. Ìjọba kò fọwọ́ sí i; òfin ẹja pípa àti ẹja sínsìn ti ọdún 2014 sì wà nílẹ̀. Ní ọdún 2000 pàápàá, a kọ ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ àfonífojì Ouémé mọ́ àwọn ilẹ̀ olómi tí àdéhùn Ramsar ń dáàbò bò. Ìwé kò ṣàìsí. Ṣùgbọ́n ìwé kì í wọ ọkọ̀ lóru.

A kò sọ èyí láti fi apẹja tálákà bú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún ebi lálẹ́ yìí kò lè fi ẹja àmọ́dún se ọbẹ̀. Nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ bá sì ń fa àwọ̀n wẹ́wẹ́, ẹni tó bá dá ọmọ ẹja padà sómi á máa rò pé òun kàn ń bá ẹlòmíràn tọ́jú rẹ̀ ni. Níbi tí ìṣòro náà wà gan-an nìyẹn: ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá ẹja sí. Àfi kí èbúté kan fohùn ṣọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n ìdásí kì í ṣe àjèjì sí ọ̀sà wa. Àwọn ará Tofin àti àwọn Ègùn ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gún ẹ̀ka igi mọ́ ilẹ̀ adágún, tí wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ewédò á bo igi náà, ẹja á wá jẹ ẹ́, á fi ibẹ̀ ṣe ilé, á sì pọ̀ síbẹ̀, kí wọ́n tó fi àwọ̀n yí i ká láti kó o. Acadja ni. Ní ọdún 1972, onímọ̀ ẹja tó ń jẹ́ R. L. Welcomme tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀, ó sì hàn pé hẹ́kítà kan lè mú tọ́ọ̀nù ẹja mélòó kan wá lọ́dún. Síbẹ̀, ohun rere tó bá kọjá ààlà a máa di ìpalára. Igi rẹ̀ ń jẹ igbó etí omi, ìdọ̀tí rẹ̀ ń mú ìsàlẹ̀ adágún ga, ẹni tó sì ní owó púpọ̀ lè fi í gba omi tí gbogbo ìlú jọ ni, títí olójúwọ̀n kékeré kò fi ní rí ibi ju àwọ̀n sí mọ́.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Igi tí a bá gé létí Ọ̀pàrà ń tú iyanrìn sílẹ̀, odò ni í sì gbé iyanrìn náà lọ sísàlẹ̀. Àwọn ará wa ní Atakpamé rí irú rẹ̀ lórí odò Mono: láti ìgbà tí ìsédò Nangbéto ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1987, ìṣàn omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti yí padà, iyọ̀ inú ọ̀sà tó wà nísàlẹ̀ náà sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí a bá ṣe lókè odò, ìsàlẹ̀ ni yóò ti jẹ́ èsì. Ẹja yíyan tí a ń rà lọ́jà wa náà ní èbúté tó ti wá. Bí kò bá sí ẹni tó ń ra ẹja oníka, ta ni yóò máa fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ mú un?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo yín ni yóò di apẹja, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà oṣù tí irú ẹja kọ̀ọ̀kan ń bímọ, ibi tí ó ń yé sí, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, ní Ègùn àti ní Faransé, ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí wa. Apẹja tó mọ oṣù ẹja tó ń bímọ yóò mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbé àwọ̀n kọ́. Láti tútù ni a ti ń ká ẹja. Bó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́.

Ẹja tí a jẹ lọ́dún yìí, àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ àwọ̀n lẹ́ṣìí ló bí wọn. Kí a tó ju àwọ̀n sínú omi tuntun, ẹ jẹ́ kí èbúté kọ̀ọ̀kan pinnu iye tí yóò jẹ́ kí ó bọ́. Omi tuntun á bá wa láyọ̀ o.