Ẹ Má Ra Àṣìṣe Ẹlòmíràn

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, àbúrò ìyàwó mi fi àwòrán pákó kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Irú pákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun ni. Funfun ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ ṣóńṣó, ọ̀dà pupa àti dúdú sì wà ní ìdí rẹ̀ bíi ti àwọn tó ń díje lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ń tà á ń gbé ní Randburg, níbí ní Johannesburg. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun lò ó, randi 1,200 ni òun yóò sì gbà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, bíi tuntun ni. Ṣé kí n lọ gbé e láàárọ̀ ọ̀la?" Mo ní kó má lọ. Ó dákẹ́ fún bíi wákàtí kan, ó wá béèrè pé ṣé mo rò pé òun kò ní owó rẹ̀ ni.

Owó kọ́. Ọ̀rọ̀ "ẹ̀ẹ̀mejì péré" yẹn ló dẹ́rù bà mí.

Ká ní mọ́tò ni, ọ̀rọ̀ yẹn ìbá jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ra tòkunbọ̀: bí ìlò ẹni àkọ́kọ́ bá ṣe kéré tó ni inú wa ṣe ń dùn tó. Pákó ìgbì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra pákó tó bá a mu máa ń lò ó títí tí yóò fi gbó, tàbí títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́ náà ju ohun tí pákó yẹn lè bá a ṣe lọ. Ẹni tó lò ó lẹ́ẹ̀mejì tó sì gbé e kọ́ sára ògiri, ohun tó yẹ ká bi í ni pé kí ló dé tí kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta.

Johannesburg kò ní òkun. Láti ibí dé Durban lójú ọ̀nà N3 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 570, bíi wákàtí mẹ́fà ni téèyàn kò bá dúró pẹ́ lọ́nà. Síbẹ̀, ẹ ṣí Facebook Marketplace tàbí Gumtree, ẹ ó rí àlòkù pákó ìgbì tí wọ́n ń tà ní Randburg, ní Edenvale, ní Roodepoort. Ìtàn ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣòro láti mọ̀. Oṣù Kejìlá dé, ìdílé kó ara wọn lọ sí Durban fún ìsinmi. Bàbá tàbí ọmọ rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fò lórí omi bí ẹyẹ, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ra èyí tó jọ tiwọn. Lọ́jọ́ kejì, pákó ń rì lábẹ́ àyà rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní apá ń dun òun. Wọ́n dì í sínú ọkọ̀ padà sí Jozi, inú gáréèjì ló sì wà láti ìgbà náà. Tòkunbọ̀ tòótọ́ ni, nítorí etí òkun gan-an ló ti bọ̀. Àmọ́ àṣìṣe ẹnì kan ni, ẹni náà sì ń wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ òun.

Ìdí mìíràn tún wà tí àwọn ará ìlú yìí fi ń ra pákó kékeré, tí wọn kì í fẹ́ jẹ́wọ́: ó wọ inú Polo. Ọkọ̀ ni wọ́n fi wọn pákó, wọn kò fi ara wọn wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí pákó náà ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ gun ìgbì yóò kọ́kọ́ dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ méjèèjì wa omi bí ẹni ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, títí eré rẹ̀ yóò fi súnmọ́ eré ìgbì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà náà ni ìgbì yóò gbé e, tí yóò wá dìde dúró. Pákó tó bá rì díẹ̀ sínú omi kò lè sáré. Ìgbì á kàn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ ni. Bí pákó bá ṣe ń gba àyè tó nínú omi ló ṣe ń gbé èèyàn lékè tó, lítà ni wọ́n sì fi ń wọn àyè yẹn. Pákó àwọn adíje sábà máa ń wà láàárín lítà 25 sí 32. Àwọn yẹn ní apá, wọ́n sì ti ń ṣe é láti kékeré. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò ní méjèèjì. Ìwọ̀n tí mo fara mọ́ ni pé kí lítà pákó má kéré sí kìlógíráàmù ara ẹni. Ẹni tó bá wọn 80, kó wá lítà 80, kó tilẹ̀ lé díẹ̀. Ìyẹn ni pákó tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 9, tó fẹ̀ tó íǹṣì 22 sí 24, tó sì nípọn ju íǹṣì 3 lọ díẹ̀.

Ẹni tó gbẹ́ pákó sábà máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí abẹ́, nítòsí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó la àárín rẹ̀ kọjá bí ọ̀pá ẹ̀yìn: gígùn, fífẹ̀, nínípọn, nígbà mìíràn lítà náà. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya àwòrán abẹ́ yẹn ránṣẹ́. Ti Randburg yẹn: ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 11, fífẹ̀ 18¾, nínípọn 2¼. Kò lè ju bíi lítà 26 lọ. Kìlógíráàmù 84 ni àbúrò wa wọ̀n. Mo ní kó ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń tà á ti fi òun lọ́kàn balẹ̀, pé tó bá yá òun yóò dàgbà bá a. Aṣọ ọmọdé là ń rà tóbi kí ọmọ lè dàgbà bá a. Ẹni tó ra bàtà tó kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní súnkì.

Tí ìwọ̀n bá ti bára mu, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ wò ó. Ojú ọ̀sán ni kí ẹ lọ, nítorí kò sí òkun tí ẹ ó fi dán an wò níbí. Ojú, ọwọ́ àti etí nìkan lẹ ní. Bí ìyá mi ṣe ń ra ìkòkò amọ̀ ni mo ṣe ń wo pákó. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á yí i po, wọ́n á fi oríkèé ìka gbá a kó, kó, kó, wọ́n á sì tẹ́tí sí i. Fóòmù tí wọ́n fi aṣọ fáíbà àti oje líle bò ni pákó ìgbì, ìró rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ púpọ̀ láti imú dé ìdí. Ibi tó bá ti ń dún bí ohun tó ṣófo, ẹ fi àtàńpàkò tẹ ibẹ̀. Tó bá ń wọlé tó ń jáde, awọ ti bó kúrò lára fóòmù nìyẹn. Ooru ló sábà ń fà á: gáréèjì onípáànù lábẹ́ oòrùn oṣù Kìíní, tàbí inú mọ́tò tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa lójú ọ̀sán. Irú rẹ̀, wọn ì báà fi ta yín lọ́rẹ, ẹ má gbà á.

Ìlú yìí tún ní ìṣòro tirẹ̀ tí ará Durban kì í rò. Johannesburg fi mítà tó lé ní 1,700 ga ju òkun lọ, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ nǹkan níbí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti etíkun. Àwọn pákó epoxy kan wà tí fóòmù inú wọn jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí. Hóró hóró ni, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín rẹ̀. Téèyàn bá gbé e gun òkè wá, afẹ́fẹ́ yẹn á fẹ́ wú, bí ọ̀rá ìpápánu téèyàn rà ní Durban ṣe máa ń wú kó tó dé Harrismith. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi súkúrù kékeré kan sára púpọ̀ nínú irú pákó bẹ́ẹ̀: ẹ ó tú u tí ẹ bá ń gun òkè, ẹ ó sì dè é kí ẹ tó wọ omi. Ẹ wá súkúrù náà, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá ní òun kò tíì kíyè sí i rí, ẹ tún fi oríkèé ìka gbá gbogbo ara pákó náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Egbò tí wọ́n ti dí dáadáa kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó ṣí sílẹ̀, tí àyíká rẹ̀ ti dúdú tàbí tó ti dà bí àwọ̀ tíì, omi ti wọ ibẹ̀, pákó náà yóò sì wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá rí aṣọ fáíbà tó dábùú ara rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó ti kán rí nìyẹn. Ẹ mi àwọn lẹbẹ abẹ́ rẹ̀, àwọn tó dà bíi ti ẹja. Ojú ihò wọn kò gbọ́dọ̀ sán. Tí lẹbẹ kò bá sí níbẹ̀, ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ iye pákó, kí ẹ sì mọ irú ihò tó ní, nítorí lẹbẹ FCS kì í wọ ihò Futures. Èyí tí oòrùn ti sọ di àwọ̀ ìyeyè kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ná owó rẹ̀ wálẹ̀. Okùn tó so pákó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ni mo ní kí ẹ ra ní tuntun, kó sì gùn tó pákó fúnra rẹ̀. Okùn tó ti gbẹ nínú gáréèjì, ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù lọ ló máa já.

Tí ẹ bá bi mí pé èwo gan-an ni kí ẹ rà, pákó aláwọ fóòmù ni, èyí tí orí rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù. Àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ kí wọ́n rí wọn pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ní Addington, níbi tí ìgbì ti sábà máa ń rọra wá, tí àwọn tó ń kọ́ ọ sì pọ̀, pákó tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín yóò kan orí ẹlòmíràn tàbí tiyín. Ó sàn kó jẹ́ èyí tó rọ̀. Ohun tí ẹ ó wò lára rẹ̀ kò pọ̀: ṣé awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣí, ṣé ó ti wúwo nítorí omi, ṣé ó ní ojú kan láàárín tó ń tẹ̀ bí ẹni pé igi inú rẹ̀ ti dá.

Kí ló dé tí mo fi ń fi gbogbo ẹnu sọ èyí lórí pákó? Nítorí ohun tí ẹni tó kùnà máa ń sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn náà ni. Kì í sọ pé lítà 26 kéré. Ó máa ń sọ pé òkun kì í ṣe tiwa. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn ní orílẹ̀-èdè yìí. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1953 ló fún wọn láṣẹ láti pín etíkun ní ìpín ẹ̀yà, ọdún 1990 ni wọ́n sì tó fagi lé e. Ẹni dúdú tó dàgbà ní Soweto nígbà náà, tó bá dé Durban, ìwé ara òpó ló ń sọ ibi tó lè fẹsẹ̀ bọ omi fún un. Àwa tí a ti ìlú wa wá, ìkìlọ̀ odò ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Nítorí náà, àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wa ká tó bẹ̀rẹ̀, ara wa sì ti wúwo. Bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí 1834, òyìnbó arìnrìn-àjò James Alexander rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n fi pákó fúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì kó gbé wọn wá sí etíkun. Kò sí ọ̀dà lára pákó wọn. Ní 2018, Michael February di ọmọ South Africa aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń díje káàkiri ayé nínú eré yìí. Ẹni tó ra pákó Randburg yẹn kò ní rántí ìkankan nínú èyí nígbà tí omi bá wọ imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹwàá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: kí ni ará Johannesburg ń fi pákó ṣe, ṣé kò lè yá a ní etíkun ni? Òótọ́ ni. Ẹni tí kì í lọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, kó máa yá a. Ẹni tó bá ti yá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó sì tún fẹ́ padà, ti mọ ìwọ̀n tó gbé e. Ìwọ̀n yẹn ni kó wá lọ. Àwọn tó ń tà á náà ní ẹjọ́ tiwọn. Kí ló ní kí wọ́n má lè kọ lítà síbi tí wọ́n kọ iye owó sí, kí wọ́n sì sọ pé kì í ṣe pákó ẹni tó ń kọ́ṣẹ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, a rí ọ̀kan ní Kempton Park. Aláwọ fóòmù, ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ààbọ̀, búlúù tó ti ṣá, ẹnì kan sì ti lẹ rọ́bà dúdú mọ́ imú rẹ̀. Ìyá tó ń tà á ní ọdún mẹ́ta ni ọmọ òun fi lò ó, ó ti kúrò lórí rẹ̀ báyìí. Àbúrò ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi oríkèé ìka gbá a láti imú dé ìdí, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì san owó. Orí ọkọ̀ ni a dè é sí lọ sí Durban. Nígbà tí a dúró ra epo ní Harrismith, kí n tó pa ẹ́ńjìnnì, ó ti sọ̀kalẹ̀ lọ ń fa okùn rẹ̀ wò.