Ìwé Ẹ̀rí Kò Lè Fẹ́ Atẹ́gùn Sí Yàrá

Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn tó ń kọ́lé tà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé: pé kí ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ẹ̀rí pé kì í ba àyíká jẹ́. Wọ́n á dárúkọ LEED ti Amẹ́ríkà, wọ́n á dárúkọ EDGE tí IFC, ẹ̀ka Báǹkì Àgbáyé, gbé kalẹ̀, wọ́n á sì tọ́ka sí Heritage Place ní Ìkòyí, ilé ọ́fíìsì tó gba ti LEED ní 2016. Ohun tí wọ́n ń wá dára. Ooru ń pọ̀ sí i, owó iná sì ń gun òkè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n yàn kò lè dé Ìsínbọ̀dé, kò lè dé Ìsẹ̀ tàbí Emùré ní ilẹ̀ Èkìtì, nítorí pé ohun tí ìwé ẹ̀rí náà ń wọ̀n kọ́ ló ń pa àwọn ará ibẹ̀ lára.

Ẹ wo bí EDGE ṣe ń ṣírò. Kọ̀ǹpútà yóò ya ilé kan tó rí bí èyí tí àwọn èèyàn ń kọ́ káàkiri ládùúgbò náà. Ilé tuntun gbọ́dọ̀ fi ìdá 20 nínú 100, ó kéré tán, dín sí ti ìyẹn nínú iná tó ń jẹ, nínú omi tó ń lò, àti nínú ohun tí ṣíṣe búlọ́ọ̀kù, páànù àti ohun èlò rẹ̀ yòókù ń ná àyíká. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá mẹ́fà, tó wá ra èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀, onítọ̀hún ti wà lọ́nà ìwé ẹ̀rí. Bí ilé ẹlòmíràn kò bá ní ẹ̀rọ amúlétutù rárá, tí ìṣirò sì fi hàn pé ooru yóò mú un, kọ̀ǹpútà yóò ka iná tó ṣeé ṣe kó lò lọ́jọ́ iwájú sí i lọ́rùn. Àwọn tó ṣe é ní ìdí: bí ooru bá pọ̀, onílé yóò ra ẹ̀rọ náà bópẹ́ bóyá. Àmọ́ ìdí yẹn gan-an ló fi hàn pé ògiri, òrùlé àti fèrèsé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìwé ẹ̀rí ń yin ẹni tó dín àṣejù kù. Kò mọ orúkọ tí yóò pe ẹni tí kò ṣe àṣejù rí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ Èkìtì tipẹ́. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà títí di òní. Gbogbo ayé ló ń yin ọnà ara rẹ̀. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń bèèrè irú ilé tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Ilé alámọ̀ ni. Ògiri rẹ̀ nípọn, àwọn yàrá yí àgbàlá ká, òpó gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró kí oòrùn má bàa kan ara ògiri. Ògiri amọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa gba ooru díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀. Kí ooru náà tó rìn dé inú yàrá, ilẹ̀ ti ṣú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a gba ojú àgbàlá jáde, tútù a sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé. Kò sí ẹni tó fún àwọn mọlémọlé yẹn ní ìwé ẹ̀rí, nítorí wọn kò ṣe àṣejù rí.

Ilé tí à ń kọ́ lónìí ti kẹ̀yìn sí gbogbo èyí. Búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́, páànù láìsí sílíìnì gidi, òrùlé tí etí rẹ̀ kò yọ kọjá ògiri, àgbàlá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò láìku igi kan. Fèrèsé àlùmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ, bẹ́ẹ̀ lúfà tí wọ́n yọ sọnù ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ Èkìtì sún mọ́ àtàrí, ti ìrọ̀lẹ́ sì ń wọlé láti ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá kọ ojú gígùn ilé rẹ̀ sí àríwá àti gúúsù ti bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ìyà náà. Yíyí ilé padà lórí pláànù kò ná onílé ní kọ́bọ̀. Ní ìhà Òmùò àti Ìsínbọ̀dé, níbi tí àwọn ará ìlú ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná mànàmáná, ilé tí kò lè tutù láìsí fáànù, ìyà ni wọ́n kọ́.

Sìmẹ́ńtì ńkọ́? Nínú oṣù Èrèlé 2024, lẹ́yìn tí àpò kan ti kọjá N10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn iléeṣẹ́ bá ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn N7,000 sí N8,000, bí ẹni pé owó kékeré nìyẹn fún olùkọ́ tó ń kọ́lé láti inú owó oṣù. Ṣíṣe sìmẹ́ńtì nìkan ń tú bíi ìdá 7 sí 8 nínú 100 èéfín kábọ́nù tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ NBRRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ilé àti ọ̀nà ti ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀, ti ní ẹ̀rọ tó ń tẹ bíríkì amọ̀ tí sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀rọ yẹn ló yẹ kó wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kí bíríkìlà kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìtìjú ni pé amọ̀ wà lẹ́sẹ̀ wa, a sì ń jẹ gbèsè nítorí eérú inú àpò.

Wọ́n ní òjò yóò wó ilé amọ̀. Ògiri tí kò ní ìpìlẹ̀ òkúta, tí ọ̀sọ̀rọ̀ ń dà sí lára, ni òjò ń wó. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ń jẹ́ kí báǹkì yáni lówó ní èlé kékeré. Ta ló ń lọ yá owó ilé ní báǹkì ní Emùré? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti owó kòkó ló ń kọ́lé níbẹ̀, yàrá kan lọ́dún yìí, òrùlé lọ́dún mẹ́ta sí i; àwọn tó ń fún ni níwèé ẹ̀rí sì ń gba owó wọn ní dọ́là. Wọ́n tún ní láìsí ìwé ẹ̀rí, kò sẹ́ni tí yóò yẹ ilé wò. Òfin ló ń yẹ ilé wò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Code for Sustainable Homes jáde ní 2006 láti fún ilé tuntun ní ìràwọ̀ kan sí mẹ́fà; ní 2015 wọ́n pa á tì, wọ́n kó apá kan rẹ̀ sínú òfin ìkọ́lé tó de gbogbo akọ́lé. Nàìjíríà pàápàá ti ní ìlànà tirẹ̀ láti 2017, tó ní kí wọ́n fi ohun tí ń dá ooru dúró sábẹ́ òrùlé, kí fèrèsé tí kò ní ìbòòji má sì gbòòrò jù lára ògiri.

Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ìfọwọ́sí pláànù wà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 2003. Nítorí náà, kí Èkìtì kọ ọ́ sínú òfin pé pláànù tí kò bá ní etí òrùlé tó yọ jáde, fèrèsé méjì tó kọjú síra nínú yàrá, sílíìnì tó ń dá ooru dúró àti tánkì tó ń gba omi òjò, kò ní rí òǹtẹ̀ gbà, ì báà jẹ́ ti ọlọ́kadà ní Ìsínbọ̀dé tàbí ti ìjọba fúnra rẹ̀ ní Adó.