Ẹ Má Fi Ìwé Kóòtù Pa Ìdílé Bàbá Ọmọ Rẹ́

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kó rọrùn fún ọkọ ìyá láti sọ ọmọ ìyàwó rẹ̀ di tirẹ̀ pátápátá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n tún mú un le sí i. Mo mọ̀ pé yóò dun àwọn èèyàn wa kan ní London, tí wọ́n ti ń wá lọ́yà kiri lórí ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, n ó sọ ọ́.

Lábẹ́ òfin ìsọdọmọ ọdún 2002, bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí ìwé ìsọdọmọ, bàbá tó bí ọmọ kì í ṣe bàbá rẹ̀ mọ́ lójú òfin. Bàbá nìkan kọ́ ló sì lọ. Ìyá bàbá lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá lọ, ọmọ bàbá kan náà di àjèjì. Bí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ọmọ yìí kò ní ìpín níbẹ̀. Òfin yìí kan náà ló tún sọ pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí òfin fúnra rẹ̀ ò lè gé lórí ìgbéyàwó, kí ló dé tí a ń kánjú gé e lórí orúkọ àti ogún?

Ìyá á ní bàbá ọmọ ti sá lọ, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ rí. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá tó wà ní Ìjẹ̀bú, tó ń ki ọmọ náà lórí fóònù, kí ló ṣe? Gbèsè ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìyá yẹn.

Èmi ò bu ọkọ ìyá kù o. Ọkùnrin tó ń san owó ilé, tó ń tètè jí láti mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé ìwé, ó yẹ ká dọ̀bálẹ̀ fún un. Òfin náà sì ti rí tirẹ̀ rò: láti ìparí ọdún 2005, ó lè gba àṣẹ òbí lórí ọmọ ìyàwó rẹ̀, yálà nípa àdéhùn pẹ̀lú àwọn òbí tàbí ní kóòtù. Á lè fọwọ́ sí ìwé ní ọsibítù, á lè bá ilé ìwé sọ̀rọ̀ bí òbí, kò sì ní gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ló tún kù tó ń wá? Bí ìgbéyàwó yẹn bá tú lọ́la ńkọ́? Ìwé ìsọdọmọ kì í bá a tú. Ọkọ ìyá á kó ẹrù rẹ̀ lọ, bàbá àkọ́kọ́ náà ò sì ní sí lójú òfin mọ́.

Àwọn kan ń ráhùn pé àwọn gbọ́dọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ìwé ìfitónilétí, ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú kí àwọn tó lọ sí kóòtù, pé ọmọ gbọ́dọ̀ ti bá àwọn gbé fún oṣù mẹ́fà, pé bàbá tó ní àṣẹ òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí kò pọ̀ jù. Bàbá tó bá jẹ́ ìkà, adájọ́ lágbára láti fò ó dá bí ire ọmọ bá béèrè fún un.

Ní 1975, òfin pàṣẹ fún adájọ́ láti dá irú ẹjọ́ ìsọdọmọ yìí nù lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, bí àṣẹ ìtọ́jú ọmọ bá lè yanjú rẹ̀ dáadáa jù. Òfin ọdún 1989 ló yọ ọ́ kúrò. Kí ilé aṣòfin dá a padà.